Iṣẹ́ Èkó, Iṣẹ́ Àpòmù: Ibo Ni Oòrùn Yóò Ti Bá Ọ?

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà ní oṣù keje ọdún 2024, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í kéde tirẹ̀. Èkó ní òun yóò san 85,000. Ọ̀ṣun ní òun yóò san 75,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà péré ló là wọ́n láàárín. Síbẹ̀, bí ọmọ Àpòmù kan bá rí iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan l'Ékòó, ọ̀kan ní Ìkirè tí kò jìnnà sí ilé bàbá rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yẹn ni gbogbo ẹbí yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí. Tí wọ́n bá ṣírò owó tán, ẹnì kan á ní Èkó ti gbóná jù, ẹlòmíràn á ní Àpòmù ti dákẹ́ jù, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ti tán nìyẹn.

Èmi ò rò pé ó tán. Oòrùn, òjò àti ọyẹ́ máa ń gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n sì máa ń gba àsìkò lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ wọn kì í dá nìkan gbà á. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ilé tó ń sùn, irú iṣẹ́ tó ń ṣe àti ara tí Ọlọ́run fún un, gbogbo wọn ló ń bá wọn pín in. Oòrùn kan náà ló ń ràn ní ìlú méjèèjì. Ibi tó ti ń bá èèyàn ni kò dọ́gba.

Àpòmù ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan, Ìkirè ni ti Irewọlé. Wọn ò jìnnà síra rárá, ìhà títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ni wọ́n wà, láàárín igbó kòkó. Alápòmù ló wà lórí oyè níhìn-ín, Akirè lọ́hùn-ún. Ará ọ̀nà tí kò mọ nǹkan mìíràn nípa wọn mọ dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù tí wọ́n fi ata àti epo pupa ṣe, tí àwọn ọlọ́jà máa ń gbé sáré tẹ̀lé mọ́tò. Iṣẹ́ tó ń mú àlejò wá síbẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó wà: ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni, báńkì, sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, òwò kòkó, àti ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè. Ọdún 2006 ni wọ́n dá yunifásítì yẹn sílẹ̀, wọ́n sì pín ọgbà rẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀. Ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn àti àṣà ló bọ́ sọ́wọ́ Ìkirè.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá jẹun ní Àpòmù ni. Ọjà ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láyé àtijọ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ pé Awólẹ̀ tó padà di Aláàfin ti bá òwò dé ibẹ̀ nígbà tí kò tíì jọba, ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́rú, Baálẹ̀ Àpòmù sì fìyà jẹ ẹ́ fún un. Ìwé kan náà ló sọ pé àríyànjiyàn lórí ataare nínú ọjà yẹn ló padà di ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìlú tí wọ́n ti lè torí ataare pa odindi ìlú mìíràn run, kò lè jẹ́ pé ìgbà gbogbo ló dákẹ́.

Ká wá bọ́ sórí ooru. Tí a bá gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru kalẹ̀ ní ọ̀sán oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, Àpòmù ló máa borí. Ilẹ̀ tó jìnnà sí òkun bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná dé bíi 34 tàbí 35 lórí ìwọ̀n Celsius lásìkò yẹn, Èkó á wà ní bíi 32 tàbí 33 nítorí atẹ́gùn òkun. Ẹni tó bá sá kúrò l'Ékòó nítorí ooru á ní wọ́n tan òun. Àfi tó bá sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó pọ̀, òógùn tó yẹ kó gbẹ kó sì mú ara tutù kì í rí àyè gbẹ, ṣe ló kàn ń ṣàn. Kọnkéré àti ọ̀dà títì ń mu oòrùn lọ́sàn-án, wọ́n ń tú u jáde lóru, kò sì sí igbó tó máa bá wọn gbà á. Ooru Àpòmù le lọ́sàn-án, àmọ́ ó mọ àsìkò tó yẹ kó lọ sílé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, atẹ́gùn inú igbó á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú, nígbà tó bá sì di ìdájí, ẹni tó ṣí aṣọ sílẹ̀ á fà á padà bo ara.

Ìyàtọ̀ tún wà nínú Èkó fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn òkun tí wọ́n fi ń yin Èkó, àwọn tó ń gbé ní Ìkòyí àti Victoria Island ló kọ́kọ́ ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Kó tó wọ́ dé Ìyànà Ìpájà tàbí Agége, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń gba 85,000 kò sì lè gbé ní Ìkòyí. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ń fi ojú ọjọ́ Èkó wé ti Àpòmù fún ọ, kọ́kọ́ bi í pé Èkó ibo.

Àbùkù kan wà lára ilé Àpòmù òde òní tí mi ò lè gbójú fò. Ilé alámọ̀ tí àwọn bàbá wa kọ́, ògiri rẹ̀ nípọn, ó máa ń tutù lọ́sàn-án. A ti wó púpọ̀ nínú wọn, a fi búlọ́ọ̀kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti páànù tí kò ní sílíìnì rọ́pò wọn. Àwọn tó lówó díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ló ń kọ́ irú rẹ̀ sílé láti fi hàn pé wọ́n ti ṣe nǹkan, fèrèsé kéékèèké, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí igi kan nínú ọgbà. Wọ́n ru ooru Èkó wálé lọ́fẹ̀ẹ́. Àlejò tó bá fẹ́ yáálé ní Àpòmù, kó wo òrùlé àti igi àyíká kó tó wo táìlì.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yí òṣùwọ̀n padà. Láti ìparí oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, ọyẹ́ máa ń fi gbogbo ara wọ Àpòmù: ètè á là, awọ ara á funfun bí kò bá sí òrí, eruku á bo ewé kòkó, òwúrọ̀ lè tutù dé nǹkan bí 20. Ó máa ń dé Èkó náà, ṣùgbọ́n òkun kì í jẹ́ kó jókòó pẹ́. Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Àpòmù ni ìgbà tó dára jù láti ṣiṣẹ́ láàárín ọdún. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju ìgbà mìíràn lọ. Àmọ́ mo máa padà sórí àwọn tí kò bá lára mu.

Ibi tí òṣùwọ̀n ti fì sọ́dọ̀ Àpòmù jù ni ìrìn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú tíṣà kan tó ń kọ́ni ní Yábàá tó sì ń gbé ní Ìkòròdú, torí ibẹ̀ ni owó ilé ti bá a mu. Kó tó di aago márùn-ún ìdájí, ó ti jí. Ó ní láti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, torí tí ilẹ̀ bá mọ́ bá a nílé, Kẹ́tù àti Ọjọ́ta yóò dá a dúró. Tó bá ń padà lọ́sàn-án, inú dáńfó tí wọ́n to èèyàn mẹ́rin mẹ́rin sí, tí kò mira lójú títì, ni oòrùn ti máa bá a. Afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ èéfín àti ooru ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ lè sọ pé 32 ni ooru ọjọ́ yẹn; ara tíṣà yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Afárá Kẹta tí wọ́n ṣí ní 1990 gùn tó kìlómítà 11.8, àwọn kan wà tí wọ́n ti lo wákàtí méjì lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀sà wà lábẹ́ wọn, òógùn ń bọ́ lára wọn.

Kí á má purọ́ mọ́ Èkó, ìjọba ibẹ̀ ń gbìyànjú. Bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó ń ti Mile 2 lọ sí Màrínà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, aláwọ̀ pupa tó ń ti Àgbádó lọ sí Oyíǹgbò tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ẹni tí ilé àti iṣẹ́ rẹ̀ bá bọ́ sẹ́bàá ojú irin yẹn ti kúrò nínú àwọn tí mò ń sọ. Òun lè gbé Èkó kó sì máa fi ojú ire wo oòrùn. Ìṣòro ni pé àwọn onílé náà ti mọ ibi tí ojú irin gbà.

Ẹgbẹ́ tíṣà Yábàá yẹn tó ń kọ́ni ní Àpòmù ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kó gun ọ̀kadà. Oòrùn pa á lórí ọ̀kadà, òótọ́ ni, àmọ́ kì í pẹ́. Nígbà tí agogo ìparí iṣẹ́ bá lù, oúnjẹ ọ̀sán ilé ló ń retí rẹ̀, ó sì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà tí oòrùn le jù, kó tún jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ìsinmi ọ̀sán yẹn ni àwọn baba wa fi kojú ooru kí fáànù tó dé. Iṣẹ́ Èkó ti gbà á lọ́wọ́ èèyàn, owó oṣù kò sì ní ìlà kan tí wọ́n ti san án padà. Tí ẹnì kan bá ní kí n díye lé wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ tí tíṣà Yábàá lè lò lójú ọ̀nà, máa kọ́kọ́ yọ owó dáńfó àlọ àti àbọ̀ kúrò nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí Èkó fi ju Ọ̀ṣun lọ, mi ò sì rò pé yóò ṣẹ́ kù dé ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù.

Òjò nkọ́? L'Ékòó, oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù, ó máa ń dáwọ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Bó ṣe rí ní Àpòmù náà nìyẹn, àfi pé ti Èkó máa ń pọ̀ jù. Ìyàtọ̀ tó ga ju èyí lọ ni ibi tí omi ń gbà. Ilẹ̀ Èkó tẹ́jú, ó sún mọ́ ọ̀sà, a ti da iyanrìn dí ọ̀pọ̀ àbàtà tó yẹ kí omi máa sinmi sí, a kó ilé sórí rẹ̀, a sì ń da ọ̀rá sí gọ́tà. Ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn tó wà níbẹ̀: òjò rọ̀, àgbàrá gba ilé, ó gba títì, ó sì gba ẹ̀mí. Láti ìgbà náà, òjò ńlá kan ti tó láti fagi lé iṣẹ́ ọjọ́ kan ní apá kan ìlú, kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ sì tún bi ọ́ léèrè pé kí ló dé tí o pẹ́.

Ní Àpòmù, ìjì ló yẹ kí èèyàn bẹ̀rù ju àgbàrá lọ. Àkọ́rọ̀ òjò ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin máa ń bá ẹ̀fúùfù rìn, ó lè ṣí páànù ilé ẹ̀kọ́ kan kó gbé e sọ sínú oko. Bí òjò bá ń lu páànù, ẹ̀kọ́ ti dáwọ́ dúró nìyẹn, torí akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbọ́ tíṣà. Ọ̀nà inú ìlú á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n òjò kan náà ló ń kún dúrọ́ọ̀mù lábẹ́ òrùlé, tí aṣọ ọ̀sẹ̀ kan á fọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. L'Ékòó, omi wà níbi gbogbo, èèyàn sì ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Ní ọ̀nà Lẹ́kí, omi tí ẹ̀rọ ń fà jáde lè pọ́n kó tún níyọ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kan kòkó, ojú ọjọ́ ti di ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn. Òjò tó pọ̀ jù lásìkò tí èso ń gbó máa ń mú àrùn tó ń sọ èso di dúdú wá, àgbẹ̀ á sì máa fín oògùn láìdáwọ́ dúró. Tó bá di ìgbà sísá, oòrùn tí tíṣà Ìkòròdú ń gégùn-ún fún ni àgbẹ̀ Àpòmù ń gbàdúrà fún. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ó ti já wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní éékà díẹ̀ lọ́wọ́ lásìkò yẹn mọ ohun tí wọ́n rí, kò sì sí iṣẹ́ àfikún l'Ékòó tó ń yọ irú owó bẹ́ẹ̀ fún tíṣà. Àlejò tí kò ní ilẹ̀ bàbá níbẹ̀ kò lè fi èyí ṣírò, ọmọ onílẹ̀ lè fi ṣírò.

Iná mànàmáná kò yẹ kó gba àyè púpọ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti sọ pé àwọn tó wà ní Band A á máa rí iná fún ogún wákàtí, ó kéré tán, lójúmọ́, wọ́n sì gbé owó rẹ̀ sókè dé 225 náírà fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀. Àwọn àdúgbò tó bọ́ sí Band A l'Ékòó pọ̀ ju ti ìlú bíi tiwa lọ. Ẹni tó bá máa fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé ní Àpòmù, kó ra sólà kó tó ra ìbùsùn. Àmọ́ bí iná bá lọ lóru, ẹni tó wà ní Àpòmù lè ṣí fèrèsé kó sùn. Ti Èkó máa tan jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ tàbí kó fara da ti aládùúgbò.

Owó ilé ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òfin ilé yíyá Èkó tó jáde ní 2011 kò gba onílé láyè láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tuntun tó ń sanwó lọ́dọọdún. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé bóyá òfin yẹn ló fi wọlé, kí ẹ tún bi í ní iye tí ajẹ́ǹtì gbà.

Títí dé ibí, ó dà bíi pé Àpòmù ni mò ń bá polówó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló dá mi lẹ́kun. Ó gbọ́ mi títí, ó wá ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, ọkọ ni mo máa fi fẹ́ ni àbí iṣẹ́? Tí mo bá dé Àpòmù, ta ni mo máa kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, torí òótọ́ ni. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ mọ ìtọ́jú ọkàn, ti kíndìnrín tàbí ti ọmọ tí kò pé oṣù, kò lè kọ́ ọ níbi tí wọn kò ti ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Èkó ń jẹ èèyàn, àmọ́ ó ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ kíákíá. Ọdún mẹ́ta níbẹ̀ lè fún ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ tí ọdún mẹ́wàá kò ní fún un nílé.

Ìgbésí ayé Àpòmù náà ní owó tirẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà. Gbogbo ìlú mọ iye tí o ń gbà. Aago méjì ọ̀sán tí o délé yẹn, ó wúlò fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó fẹ́ kí o wá bá òun kọ lẹ́tà, fún ìyá àdúgbò tó fẹ́ yá owó, fún ìpàdé ẹbí tí wọn ò lè fi ọ́ sílẹ̀. Ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, aṣọ ẹbí: l'Ékòó, o lè fi owó ránṣẹ́ kí o ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí o wá. Ní Àpòmù, wọ́n á wá ilẹ̀kùn rẹ kàn. Àpọ́n tó bá fẹ́ gbé ìgbé ayé ara rẹ̀ láìsí ẹni tó ń bi í ní ìgbà tó máa mú ìyàwó wálé, kó máa gbé Ìkòròdú lọ, ooru ibẹ̀ sàn fún un. Ṣùgbọ́n òbí tó ní ọmọ kékeré, tí ìyá rẹ̀ ṣì lágbára díẹ̀ nílé, á rí i pé ojú tó ń ṣọ́ ọ yẹn náà ló ń bá a ṣọ́ ọmọ, láìgba kọ́bọ̀.

Mo ní mo máa padà sórí ara. Nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló ní ẹ̀jẹ̀ AS, nítorí náà ẹbí tó ní ọmọ SS kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Òtútù àti àìmu omi tó pọ̀ tó jẹ́ méjì lára ohun tó máa ń fa ìrora fún wọn. Òwúrọ̀ ọyẹ́ tí mo ń yìn lẹ́ẹ̀kan yẹn, ìyà ni fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ní ikọ́ fée náà, eruku ọyẹ́ á dà á láàmú ní Àpòmù, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti mọ́tò á dà á láàmú l'Ékòó ní gbogbo ọdún. Ìgbà tí ìrora bá dé lóru ni ìbéèrè tó le jù: ibo ni dókítà wà? Ẹni tó wà ní Àpòmù ní UCH Ìbàdàn lọ́wọ́ kan, ó ní ilé ìwòsàn ńlá ti OAU ní Ifẹ̀ lọ́wọ́ kejì, ìlú díẹ̀ ló wà láàárín irú ilé ìwòsàn méjì bẹ́ẹ̀. Àmọ́ títì tó so wọ́n pọ̀ ti bàjẹ́ fún ọdún pípẹ́, tírélà tó bá ṣubú sójú ọ̀nà lè dí i pa. Èkó ní ilé ìwòsàn púpọ̀ nítòsí, ó sì ní go-slow. Fún ẹbí tó ní ọmọ SS, mo fara mọ́ Èkó, tí ilé wọn bá sún mọ́ ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ọmọ náà. Tí kò bá sún mọ́ ọn, kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mò ń fi Èkó wé Àpòmù nígbà tí gbogbo èèyàn ń lọ sí ìlú ọba. Àwọn tó lọ náà mọ ohun tí mò ń sọ jù. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje ọdún 2022, ooru dé 40.3 ní Coningsby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó dàgbà nínú oòrùn kígbe, torí ilé tí wọ́n ń gbé ni wọ́n kọ́ láti dá ooru dúró sínú, fèrèsé rẹ̀ kì í sì í ṣí tán. Òtútù sì nìyẹn, gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù rẹ̀, àmọ́ kótù àti hítà ń kápá rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jà wọ́n lólè. Ní Àpòmù, ọ̀sán tó gùn jù lọ láàárín ọdún kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sán àárín oṣù kejìlá kò tó wákàtí mẹ́jọ, oòrùn á ti wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin. Olùtọ́jú arúgbó tó ń ṣe iṣẹ́ òru lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìfojú kan oòrùn. NHS pàápàá ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú níyànjú láti ronú nípa lílo fítámì D lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn tó ń bá irú iṣẹ́ yẹn wọlé kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun láti òkèèrè. Òkùnkùn ọ̀sán láìsí ẹbí nínú ilé, mi ò mọ iye pọ́n-ùn tí wọ́n ń fi san ìyẹn.

Ká padà wálé. Yàtọ̀ sí gbígbé Èkó tàbí Àpòmù, ọgbọ́n kẹta ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Ìkirè àti Àpòmù ń dá: kí ìyàwó àti ọmọ máa gbé Ìbàdàn, kí olórí ilé máa lọ máa bọ̀. Ìkirè sí Ìbàdàn tó nǹkan bíi kìlómítà 35, èèyàn á kọjá afárá Àṣejirè níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun láti fi pèsè omi fún Ìbàdàn, á ra ẹja lọ́wọ́ àwọn obìnrin ẹ̀gbẹ́ títì, á dé ilé. Ọmọ á rí ilé ẹ̀kọ́ tó dára, ìyá á rí ọjà ńlá, dókítà kò jìnnà. Lójú ìwé, ó dùn. Mo mọ àwọn tó ń ṣe é, wọ́n sì ń fi òótọ́ inú sọ pé ó ń rẹ àwọn. Wọ́n ti ra ìrìn Èkó padà pẹ̀lú owó oṣù Ọ̀ṣun, oòrùn ọ̀sán sì tún ti ń bá wọn nínú mọ́tò. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì, ọgbọ́n yìí ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá jẹ́ ti ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n kó ẹrù wá sí Àpòmù, kí wọ́n wá ilé tó ní igi, kí àkọ́bí tó ti tó lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn.

Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dá a lóhùn. Mo ní kó gba ti Èkó fún ọdún mẹ́ta, kó má gbé Ìkòròdú, kó bá ẹnì kejì pín yàrá nítòsí ilé ìwòsàn tó máa ti ṣiṣẹ́ bó ti wù kó kéré mọ. Ó béèrè bóyá yàrá náà á ní fèrèsé méjì. Mo ní kó fi ìyẹn ṣáájú nínú ohun tó máa bi ajẹ́ǹtì.